Saladin 1/35: báwo lẹ ṣe ń fọwọ́ ṣe hándù, gáàdì iná àti ojú wẹ́ẹ̀dì?

Tóyìn Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kíìtì Saladin kan nílé, mọ́dẹ́ẹ̀lì rọ́bà téèyàn ń tò fúnra ẹ̀, 1/35 (ìyẹn ni pé wọ́n pín ìwọ̀n ọkọ̀ gidi sí ọ̀nà 35), ọkọ̀ ogun onítáyà mẹ́fà tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, àwọn àgbà tó bá mọ̀ nípa ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 á mọ̀ ọ́n, ó wà lára ohun tí sójà ìjọba àpapọ̀ lò nígbà yẹn. Bọ́dì ẹ̀ ò burú, gbogbo ẹ̀ ló bára mu, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó wà lára ẹ̀ gan-an ló ń bí mi nínú. Hándù tí sójà máa dì mú tó bá fẹ́ gòkè, wọ́n kàn rọ ọ́ mọ́ bọ́dì ni, kò sí àlàfo kankan lábẹ́ ẹ̀, ìka ta ló fẹ́ wọbẹ̀? Gáàdì tó yí iná iwájú ká nípọn tó mìlímítà kan, tẹ́ ẹ bá sì wo ibi tí irin méjì ti pàdé, ó kàn mọ́ lẹ́ẹ́ ni, kò sí ojú wẹ́ẹ̀dì kankan, àpá tó máa ń wà níbi tí wẹ́dà ti jó irin pọ̀, ṣé gọ́ọ̀mù làwọn èèyàn yìí fi lẹ ọkọ̀ ogun pọ̀ ni?

Mo wo àwọn páàtì bàbà pélébé tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ẹ̀ pẹ̀lú owó tí wọ́n máa fi gbé e dé Ìbàdàn fẹ́rẹ̀ẹ́ ju owó kíìtì fúnra ẹ̀ lọ, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún ìyàwó mi. Mo wá ní kí n ra plastic card, rọ́bà pẹlẹbẹ táwọn tó ń ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì ń lò, kí n máa gé e fúnra mi, mo rìn láti Dùgbẹ̀ dé Ògùnpa, ẹni tí mo bá bi á ní "káàdì wo, ti MTN àbí ti Glo?" Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀yin ń lò? Kí ló máa lẹ̀ mọ́ rọ́bà kíìtì dáadáa? Ojú wẹ́ẹ̀dì ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí kì í fi í rí wúruwùru? Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o, mi ò tíì pẹ́ nídìí nǹkan yìí.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀jọ́ọ̀

Àbúrò, kò sẹ́ni tó máa fi ẹ́ ṣẹ̀sín, gbogbo wa la ti rìn Ògùnpa yẹn.

Kó o tó gbé bíléèdì, gbé rúlà ná. Saladin gidi, bọ́dì ẹ̀ gùn ní mítà 4.93, ó fẹ̀ ní mítà 2.54, ó ga ní mítà 2.39. Tó o bá pín in sí ọ̀nà 35 wàá rí 141 mm ní gígùn, 72.6 mm ní fífẹ̀, 68.3 mm ní gíga. Wọn tìẹ wò. Tó bá fi díẹ̀ yẹ̀, fi sílẹ̀ jàre, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó o bá fẹ́ fọwọ́ ara ẹ ṣe kún un gbọ́dọ̀ gba abẹ́ 35 yẹn kọjá, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Irin tó nípọn jù lára Saladin jẹ́ 32 mm, ìyẹn ò tiẹ̀ tó mìlímítà kan lórí mọ́dẹ́ẹ̀lì. Irin tó ń gba ọta dúró nìyẹn o! Wá ṣàlàyé fún mi bí gáàdì iná, tí wọ́n ṣe nítorí ẹ̀ka igi lásán, á ṣe wá nípọn jù ú lọ. Ẹni tó ń wo mọ́dẹ́ẹ̀lì lè má lè tọ́ka sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ á ti mọ̀ pé nǹkan kan ò dọ́gba, ìnípọn ló sì máa ń fà á, kì í ṣe pẹ́ńtì.

Torí náà ìnípọn ni kó o máa fi wá ọjà, má fi orúkọ wá a. Agolo Coke tàbí ti bíà, ara ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.1 mm, 3.5 mm nìyẹn lára ọkọ̀ gidi, ó tó fún gáàdì iná, fún mọ́gáàdì, fún irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń de ẹrù mọ́ ara ọkọ̀. Sísọ́ọ̀sì lo máa fi gé e, kó o wá tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ lórí gíláàsì pẹ̀lú ìdí ṣíbí. Bébà A4 lásán náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.1 mm, tó o bá fi súpà gúlúù rin ín, á le gbagidi, wàá lè fi sáńpépà ha á. (Má fi òwú nu súpà gúlúù o, tó bá pọ̀ lára òwú ó máa ń gbóná débi pé á rú èéfín lọ́wọ́ ẹ.) Káàdì ATM tó ti kú jẹ́ 0.76 mm, báǹkì yòówù kó fún ẹ, ìyẹn á tó nǹkan bíi 27 mm, irin ọta nìyẹn, tó o bá fi ṣe gáàdì a ò tíì ṣe nǹkan kan.

Ti hándù ni mo fẹ́ràn jù. Wá àwọn tó ń fa LAN cable kiri ọ́fíìsì, bẹ̀ wọ́n fún èyí tí wọ́n gé jù sílẹ̀. Tó o bá bó o, wáyà mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀, bàbà inú ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi 0.5 mm, ìyẹn á jẹ́ 18 mm lára ọkọ̀ gidi, ìwọ̀n ọ̀pá tí ọwọ́ èèyàn ń dì mú gan-an nìyẹn. Fi bíléèdì ha ara ẹ̀ wò, torí àwọn kan kì í ṣe bàbà dénú, àlùmíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà bò, tó o bá ká irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì á kán.

Kó o tó fá hándù inú kíìtì kúrò, kọ́kọ́ fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ gún ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì wà, torí tó o bá ti fá a tán o ò ní mọ ibi tó wà mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni kó o fá a, kó o fi sáńpépà olómi 600 parí ẹ̀. Wá bíìtì tín-ín-rín ní Ìwó Road lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, ki ìdí ẹ̀ bọ inú ọ̀pá báírò tó ti tán, fi gúlúù mú un, kó o máa fi ìka yí i. Má finá sí abẹ́rẹ́ láti fi lu ihò o, rọ́bà á yọ́ á sì wú yí ihò náà ká, wàá tún máa ha ìyẹn. Tó o bá ti luhò tán, gé ègé káàdì ATM tó fẹ̀ ní 4 mm, ká wáyà lé e lórí, kó o fi póláyà fún ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ káàdì náà. Gbogbo hándù tó o bá fi ègé yẹn ká, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n máa jẹ́. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn dáadáa. Ki ẹsẹ̀ bọ inú ihò, tún ti ègé káàdì kan náà sábẹ́ hándù, ní ìdùbúlẹ̀, tẹ wáyà títí á fi jókòó lé káàdì, lẹ́yìn náà kó o wá ti INÚ bọ́dì kan súpà gúlúù sí i. Fa káàdì yọ. Àlàfo tó kù lábẹ́ ẹ̀ á jẹ́ 27 mm lára ọkọ̀ gidi, ìka á wọbẹ̀, gúlúù ò sì ní hàn síta. Ìdí nìyẹn tó ò fi gbọ́dọ̀ tíì lẹ òkè bọ́dì mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀. Tó o bá ti lẹ̀ ẹ́, sọ fún mi ká wá ọgbọ́n míì.

Òkè-Àdó Boy

Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ń fìyà jẹ ara yín. Hándù tí wọ́n rọ mọ́ bọ́dì, ẹ da pẹ́ńtì dúdú tó ṣàn sábẹ́ ẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nu orí ẹ̀, tó bá dórí ṣẹ́ẹ̀fù ta ló fẹ́ mọ̀? Èmi ti parí tèmi, mo ti bẹ̀rẹ̀ òmíì. Ẹ máa ká wáyà lọ.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀jọ́ọ̀

Kò burú fún ẹni tó bá tẹ́ lọ́rùn, mi ò bá ẹ jà. Tóyìn ló ní ó ń bí òun nínú, òun la sì ń dá lóhùn.

Àǹtí Ṣángo

Mo kí yín o. Èmi kì í ṣe ọkọ̀ ogun, mọ́dẹ́ẹ̀lì ilé ni mò ń ṣe fáwọn akítẹ́ẹ̀tì, àmọ́ rọ́bà kan náà la jọ ń gé, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ lórí gọ́ọ̀mù torí ibẹ̀ lẹ ti máa fowó ṣòfò.

Tóyìn, rọ́bà kíìtì ẹ, polystyrene ló ń jẹ́. Gbogbo ike tó o bá rí nílé, yí ìdí ẹ̀ sókè, wàá rí àmì onígun mẹ́ta kékeré kan pẹ̀lú nọ́ńbà nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ 6, ìbátan kíìtì ẹ nìyẹn, gọ́ọ̀mù tó ń yọ́ rọ́bà á yọ́ àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n á di ọ̀kan, o ò lè yà wọ́n mọ́. Ọ̀pọ̀ ike yóógọ̀ọ̀tì àti ṣíbí àríyá máa ń jẹ́ 6, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ o, nọ́ńbà ni kó o máa wò. Èmi tí mo bá lọ òwàǹbẹ̀, mo máa ń palẹ̀ ṣíbí mọ́ wálé, ẹni tó bá fẹ́ wò mí kó máa wò mí. Ọwọ́ ṣíbí náà, tó o bá fi iná àbẹ́là yọ́ àárín ẹ̀ tó o sì fà á, á fà tín-ín-rín di okùn, ìyẹn lo máa fi ṣe wáyà àti ojú wẹ́ẹ̀dì, igi tó wà yí páàtì kíìtì ẹ ká náà á ṣe é. Nọ́ńbà 5, ọ̀pọ̀ kúlà tí wọ́n fi ń di oúnjẹ níbi ìnáwó ló jẹ́ 5, má yọ ara ẹ lẹ́nu, kò sí gọ́ọ̀mù tó máa mú un dáadáa. 2 àti 4 náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wà nínú ìdílé yẹn, ìwúlò tiẹ̀ sì nìyẹn: tó o bá fẹ́ yí epoxy tàbí pọ́tì lórí tábìlì, tẹ́ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sílẹ̀ kó o yí i lé e, kò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Káàdì ATM tí Ẹ̀gbọ́n sọ, PVC ni, gọ́ọ̀mù kíìtì ò ní mú un bó ṣe yẹ, súpà gúlúù ni kó o lò, fi sáńpépà ha ojú méjèèjì kọ́kọ́. Agolo náà bẹ́ẹ̀.

Tí gọ́ọ̀mù kíìtì bá tán, má sáré lọ wá ti òkè òkun. Tínà tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò máa ń yọ́ polystyrene, lọ sí Araromi ní Gate, ra ìwọ̀nba. Gé igi kíìtì tí o ò lò mọ́ wẹ́wẹ́, kó o sínú ìgò gíláàsì kékeré, da tínà lé e, dé e, fi sílẹ̀ mọ́jú, á di ọ̀bọ̀rọ́, ìyẹn lo máa fi dí àlàfo, tó bá gbẹ rọ́bà kan náà ló jẹ́ pẹ̀lú bọ́dì. Ìgò gíláàsì ni mo ní o, kì í ṣe ike. Tínà yàtọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn míì le débi pé á jẹ rọ́bà pẹlẹbẹ wọnú, torí náà dán an wò lára ègé tí ò wúlò. Ṣí fèrèsé, má ṣe é nítòsí sítóòfù tàbí àbẹ́là, má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn.

Ohun kan tí ẹ ò tíì béèrè: orí bóòtù. Ra abẹ́rẹ́ sìríńjì tuntun ní kẹ́míìsì, èyí tí ìdí ẹ̀ ní àwọ̀ ewé, nọ́ńbà 21 ni, ihò inú ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.5 mm. Fi fáìlì gé ṣóńṣó ẹ̀ dànù kó tẹ́jú, pọ́n etí ẹ̀ láti ìta, gbé ike yóógọ̀ọ̀tì lé orí pákó, fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ kó o sì yí i. Ègé roboto kan á wà nínú ẹ̀, fi wáyà tó tín-ín-rín jù ú lọ tì í jáde. 18 mm lára ọkọ̀ gidi. Fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì tó lọ́rinrin gbé e, má fi ọwọ́ gbé e, o ò ní rí i mọ́ tó bá jábọ́. Abẹ́rẹ́ yẹn kan náà, tó o bá gé e kékeré, ó dáa fún ìdí áńtẹ́nà.

Wẹ́dà Bódìjà

Látàárọ̀ ni mo ti ń kà yín, mo ní kí n má dá sí i, ṣùgbọ́n nígbà tọ́rọ̀ ti kan wẹ́ẹ̀dì, mo ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Géètì àti táńkì ni mò ń wẹ̀ lójoojúmọ́, ọmọ mi ọkùnrin ló ń to mọ́dẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ló gbé mi débí. Ẹ̀yin mọ́dẹ́ẹ̀lì, ẹ máa ń ṣe ojú wẹ́ẹ̀dì lápọ̀jù, mo ti rí èyí tó jẹ́ pé tó bá jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti ṣe é, màá lé ọmọṣẹ́ náà lọ ilé.

Tí mo bá fi ẹ̀lẹ́kítíróòdù (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tá a fi ń wẹ̀) gauge 10 fà á lẹ́ẹ̀kan, ojú ẹ̀ kì í ju 6 sí 10 mm lọ ní fífẹ̀. Irin ọta nípọn, wọ́n á ti gbẹ́ etí irin méjèèjì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á sì fà á lé ara wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ká tiẹ̀ sọ pé ó fẹ̀ tó 15 mm. Ẹ pín in sí 35 bí Ẹ̀gbọ́n ṣe wí, ó jẹ́ 0.4 mm. Tín-ín-rín báyìí ni! Àwọn kan ń ṣe é ní mìlímítà kan àbọ̀, ìyẹn lé ní 50 mm lára ọkọ̀ gidi ká má parọ́, ta ló fẹ́ sanwó ẹ̀lẹ́kítíróòdù yẹn?

Ìkejì, ojú wẹ́ẹ̀dì kì í ṣe gbágungbàgun lásán. Tí ọwọ́ èèyàn bá dáa, ó máa ń rí bí owó kọ́bọ̀ tí wọ́n tò, tí ọ̀kan fẹ̀yìn ti ìkejì, apá kan náà ni gbogbo wọn sì máa ń kọjú sí torí ibì kan ni wẹ́dà ti bẹ̀rẹ̀ tó ń lọ síbì kan. Ọmọ mi ń tẹ tiẹ̀ síwá sẹ́yìn, mo ní irú wẹ́dà wo lèyí? Ibi tí ẹ̀lẹ́kítíróòdù bá ti tán, ibẹ̀ máa ń ní ihò kékeré, ibi tí wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ á wú díẹ̀. Fi ìyẹn sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, má fi sí gbogbo ibi. Ohun tí mò ń sọ ni pé kó o mọ ibi tó o ti gbé ọwọ́ lé e àti ibi tó o gbé e kúrò.

Bí ọmọ mi ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Ó máa fi ṣóńṣó bíléèdì fa ilà sí ibi tí irin méjì ti pàdé kí okùn rọ́bà lè ríbi jókòó. Ó máa tẹ́ okùn tó ti fi iná fà sínú ilà náà, á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan tínà sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, á wá mú sùúrù títí okùn náà á fi dẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ yọ́ tán o. Tó bá ti dẹ̀ tó, á fi ẹ̀yìn bíléèdì, kì í ṣe ojú ẹ̀, máa tẹ̀ ẹ́ wẹ́wẹ́ ní ìdà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fẹ́ kó o máa ṣe ìwọ̀nba ìwọ̀nba, torí tó o bá kun tínà sí gbogbo gígùn bọ́dì lẹ́ẹ̀kan náà, kó o tó dé ìdí ẹ̀, orí ẹ̀ ti gbẹ.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀jọ́ọ̀

Ọ̀gá Wẹ́dà, a ti ń wá irú yín tipẹ́. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé níbi tí okùn rọ́bà bá ti ṣòro, bíi ibi tó ká kọrọ̀, epoxy tí wọ́n ń pò lọ́wọ́, èyí tí àwọn pọ́lọ́ńbà fi ń dí páìpù, á ṣe é. Ẹ yí i tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí Àǹtí sọ, ẹ máa fi omi kan bíléèdì kó má lẹ̀. Epoxy four minutes tó wà nínú túùbù méjì kọ́ o, ìyẹn á ṣàn kúrò níbi tẹ́ ẹ fi sí kó tó le.

T55 Lọmọ

Tẹ́ ẹ bá wá dé orí tọ́rẹ́ẹ̀tì, òkè ọkọ̀ tí ìbọn wà, ẹ má gbàgbé ojú irin dídà o. Kun ọ̀bọ̀rọ́ rọ́bà yẹn sí gbogbo ara ẹ̀, fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó máa gún un tó bá fẹ́ gbẹ, á rí gbágungbàgun bí irin tí wọ́n dà. Mo ṣe é sára táńkì T-55 mi, ó ga!

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀jọ́ọ̀

Tóyìn, má dán an wò! T-55 ni wọ́n da irin tọ́rẹ́ẹ̀tì ẹ̀, òótọ́ lọ́mọ yẹn sọ nípa tiẹ̀. Saladin, irin pẹlẹbẹ ni wọ́n wẹ̀ pọ̀, àti bọ́dì àti tọ́rẹ́ẹ̀tì. Ara irin ẹ̀ yẹ kó mọ́, kí ojú wẹ́ẹ̀dì nìkan máa hàn ní kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀. Tó o bá fi búrọ́ọ̀ṣì gún un, o ti ba Saladin jẹ́ nìyẹn.

Tóyìn Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á bùkún yín. Mo rí LAN cable, bàbà gidi ni, mo ti ṣe hándù ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ìyàwó mi tí kì í wo nǹkan wọ̀nyí gan-an ní "èyí dáa o". Ìbéèrè tó kù: gíláàsì iná iwájú ńkọ́, rọ́bà tí wọ́n fi sínú kíìtì nípọn ó sì ṣókùnkùn. Ẹnu ìbọn náà dí, wọn ò luhò sí i jìnnà. Mo tún fẹ́ dì tàpólì sí ẹ̀yìn ẹ̀. Paríparì ẹ̀, fọ́tò tí mò ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò dé gbogbo igun, ọ̀rẹ́ mi kan ní ká lọ sí bárékè Ọ̀dọ́gbọ́ ká lọ ya fọ́tò ọkọ̀ ogun níbẹ̀, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Wẹ́dà Bódìjà

Kí ọ̀rẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ ná. Tó bá padà, kó wá sọ fún wa.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀jọ́ọ̀

Hẹ̀, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ Wẹ́dà. Àbúrò, má gbé kámẹ́rà dé ẹnu géètì bárékè kankan, ṣé o fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn lórí kòtò ni? Ibi tí wọ́n kó irú nǹkan báyìí sí kí aráàlú lè wò ó ni National War Museum ní Umuahia, 1985 ni wọ́n ṣí i. Ìta gbangba ni ọ̀pọ̀ nǹkan wà níbẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ ojú omi NNS Bonny, àti Red Devil, ọkọ̀ ogun tí àwọn Biafra fọwọ́ ara wọn ṣe. Mo tiẹ̀ fẹ́ kó o wo Red Devil yẹn dáadáa, torí ẹni tó bá ń fi ohun tó wà nílẹ̀ ṣe nǹkan ló máa ń kíyè sí ibi tí wọ́n ti pa irin pọ̀. Ṣáà béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kó o tó yàwòrán.

Fún fọ́tò orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣọ́ra fún Saracen. Ìdílé kan náà làwọn méjèèjì, táyà mẹ́fà mẹ́fà, ìsàlẹ̀ wọn jọra, àwọn tó ń kọ nǹkan sábẹ́ fọ́tò sì máa ń gbé orúkọ ọ̀kan fún ìkejì. Saracen, iwájú ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà torí sójà ló ń kó sẹ́yìn. Saladin, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, Rolls-Royce B80 ni, ìbọn 76 mm ló sì gbé. Wo iwájú tọ́rẹ́ẹ̀tì, páìpù tí wọ́n fi ń ju bọ́ǹbù èéfín, mẹ́fà mẹ́fà ló wà lápá ọ̀tún àti òsì. Tó o bá fẹ́ yí táyà mọ́dẹ́ẹ̀lì ẹ bíi pé ó ń kọ́nà, táyà mẹ́rin iwájú ló ń yí, kì í ṣe méjì, ti àárín ń yí kéré sí ti iwájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń yí méjì péré.

Ẹnu ìbọn: 76 mm tó o bá pín in á jẹ́ 2.2 mm. Fi abẹ́rẹ́ sàmì sí àárín gbùngbùn, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bíìtì tó kéré jù, kó o máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Tí ihò bá fẹ́ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wàá tètè rí i nígbà tó ṣì kéré, wàá lè fà á padà. Kò pọndandan kó jìn, 5 mm ti tó, kun inú ẹ̀ dúdú.

Àǹtí Ṣángo

Gíláàsì iná: sáṣẹ́ẹ̀tì parasitamọ́ọ̀lù, apá tó mọ́ gaara tí wọ́n fi bo oògùn. Igun roboto ẹ̀ ti tẹ̀ fúnra ẹ̀, gé èyí tó bá ìwọ̀n iná mu. Lẹ bébà dídán inú páálí sìgá tàbí ti ṣingọ́ọ̀mù sínú iná kọ́kọ́ kó lè máa tàn. Má fi súpà gúlúù lẹ gíláàsì o, èéfín ẹ̀ á sọ ọ́ di funfun, Top Bond ni kó o fi lẹ̀ ẹ́, tó bá gbẹ kì í hàn.

Tàpólì: tíṣù pẹlẹbẹ, yà á kó di ìpele kan ṣoṣo, po Top Bond mọ́ omi, rin ín, ká a nígbà tó ṣì tutù, gbé e sórí ọkọ̀ kó jókòó bí ẹrù ṣe máa ń rọ̀. Fi òwú ìránṣọ tín-ín-rín so ó, tó o bá so ó nígbà tó tutù, òwú á wọnú ẹ̀ díẹ̀ bó ṣe yẹ. Bẹ́líìtì, másíkìn téèpù ni. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, á gbẹ kíákíá, ìgbà òjò lo máa ní sùúrù fún. Ibi tó o bá fẹ́ fi nẹ́ẹ̀tì sí, asẹ́ tíì wẹ́wẹ́ ló dáa, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ihò ẹ̀ máa ń tóbi jù ní 1/35.

Wẹ́dà Bódìjà

Kó o má wá kun pẹ́ńtì sára agolo àti bàbà lásán o, á bó. Bí irin gidi náà ni. Fi sáńpépà wẹ́wẹ́ ha á kó má dán mọ́, fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí òróró ọwọ́ ẹ kúrò lára ẹ̀, jẹ́ kó gbẹ, kó o wá fọ́n púráímà sí gbogbo ẹ̀ pátá, agolo, bàbà, rọ́bà, káàdì, kí gbogbo ẹ̀ di àwọ̀ kan. Ẹ̀ẹ̀kan fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́, dúró, kó o tún fọ́n òmíì. Tó o bá fọ́n ọn lápọ̀jù á dí gbogbo ojú wẹ́ẹ̀dì tó o jókòó tẹ̀. Nígbà tó bá ti di àwọ̀ kan tán, gbé iná tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, gbogbo ibi tí gúlúù ti yọ tàbí tí àlàfo ti kù á hàn, tún un ṣe níbẹ̀ kí pẹ́ńtì aláwọ̀ ewé ti sójà tó gorí ẹ̀.